Ẹni Tó Kọ́kọ́ Ju Ìdákọ̀ró

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun rìn láàárín àwọn erékùṣù Kàríbíà sábà máa ń yin afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ju ohun gbogbo lọ, wọn ò sì jẹ̀bi. Láti Grenada dé Antigua, ìhà ìlà oòrùn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún, àwọn erékùṣù sì tò tẹ̀léra láti gúúsù lọ sí àríwá, débi tí ẹni tó bá ṣíkọ̀ ní ìdájí lè gúnlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè mìíràn kí oòrùn tó wọ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, afẹ́fẹ́ nìkan kọ́ ló gbé iṣẹ́ yìí ró. Àwọn atukọ̀ ẹlẹgbẹ́ ẹni tí à ń bá pàdé ní èbúté wà lára ìmọ̀ ìtukọ̀ fúnra rẹ̀. Wọn kì í ṣe fàájì lásán.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìdákọ̀ró. Bí omi bá jìn tó mítà 6, ẹni tó mọṣẹ́ á tú ṣéènì tó mítà 30 sílẹ̀, kí ṣéènì náà lè sùn sórí iyanrìn, kó sì máa fa ìdákọ̀ró ní ìdùbúlẹ̀. Bó bá fà á sókè, yóò tú. Ọkọ̀ á wá máa yí po bí afẹ́fẹ́ bá ṣe yí. Bó bá jẹ́ mítà 15 péré ni ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tú sílẹ̀, yíyí wọn ò ní bára dọ́gba, wọ́n sì lè kọlura lóru. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ ju ìdákọ̀ró ló ni àyè. Ẹni tó dé lẹ́yìn ni yóò yẹra. Ṣéènì tó wà lábẹ́ omi kò ṣeé fojú kà, àfi kí èèyàn béèrè. Nítorí náà, “Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, mítà mélòó lẹ tú sílẹ̀?” kì í ṣe ìkíni ẹnu lásán.

Àwọn kan á ní fóònù ti ń sọ ojú ọjọ́, máàpù orí ẹ̀rọ sì ń fi àpáta hàn, kí ló tún kù tí à ń béèrè lọ́wọ́ èèyàn? Mi ò ní ṣíkọ̀ láìsí àwọn irinṣẹ́ yẹn. Àmọ́ fóònù tó mọ afẹ́fẹ́ ojú òkun kì í sábà mọ ohun tí àwọn òkè Dominica ń fi afẹ́fẹ́ náà ṣe: á dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́yìn òkè, á sì já wálẹ̀ lójijì. Ẹni tó sùn síbẹ̀ lánàá ló mọ̀ ọ́n. Ní gúúsù Grenada, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń sá sí ní àkókò ìjì, láti oṣù kẹfà dé oṣù kọkànlá, àwọn atukọ̀ máa ń pàdé láàárọ̀ lórí rédíò VHF láti pín irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ní ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé, síbẹ̀ àwọn tó ń dá tukọ̀ wà, tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n ń wá. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n bí ìdákọ̀ró irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ń wọ́ nígbà tó lọ ra búrẹ́dì nílùú, ọwọ́ ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ kan ọkọ̀ rẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ẹgbẹ́ àjèjì olówó ni wá, tí a kì í ka onílé sí. Níbi tí èyí bá ti rí bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ wa ló ń pàdánù, torí àwọn onílé ni atukọ̀ àgbà níbẹ̀. Ní Portsmouth ní Dominica, àwọn ọlọ́kọ̀ ìlú náà kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ PAYS, àwọn ló sì ń ṣọ́ èbúté lóru. Ní erékùṣù Carriacou, wọ́n ṣì ń fi pákó kan ọkọ̀ létí òkun, iṣẹ́ tí UNESCO kọ sílẹ̀ ní 2023 pé ó nílò ààbò kíákíá. Nígbà tí ìjì Beryl run erékùṣù náà ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, àwọn ọkọ̀ tó sá pamọ́ sínú igbó omi iyọ̀ ní Tyrrel Bay pàápàá ò là á já tán. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn atukọ̀ tó wà ní Grenada ti ń kó omi àti oúnjẹ lọ síbẹ̀, fún onílé àti àjèjì bákan náà.