Ẹ̀rọ Asọ̀rọ̀gbèsì: Àyẹ̀wò Ìlò-Èdè Láàrin Akẹ́kọ̀ọ́ Awakọ̀ Òfurufú àti Adarí Ọkọ̀

Nígbà tí rédíò aláwàyà bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn baba wa pè é, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, kò sì dúró gba èsì. Rédíò tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín yàtọ̀ sí i pátápátá. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ awakọ̀ òfurufú fi ń bá adarí ọkọ̀ tí ó wà nínú ilé ìṣọ́ pápákọ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń kọ́ni ní èdè rẹ̀ bí ẹni pé àkójọ ọ̀rọ̀ àkọ́sórí lásán ni. A kò fara mọ́ èyí. Lójú tiwa, ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni, ọ̀rọ̀ kò sì tíì délé nínú rẹ̀ títí ẹni tí a sọ ọ́ fún yóò fi tún un sọ, tí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ yóò sì fetí sí àtúnsọ náà.

Ìpè rẹ̀ kò ní ìkíni púpọ̀: orúkọ ẹni tí à ń pè, orúkọ ọkọ̀ ẹni tí ń pè, ibi tí ó wà, ohun tí ó fẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń dá fò máa ń fi ọ̀rọ̀ náà "Student" ṣáájú orúkọ ọkọ̀ rẹ̀. Etí Yorùbá lè gbọ́ èyí bí ìjúbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbà. Ìsọfúnni ni, kí adarí má baà yára sọ̀rọ̀ jù, kí ó má sì kó iṣẹ́ bò ó lórí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni a ń ka nọ́ńbà. 3 di "tree", 5 di "fife", 9 di "niner", kí ariwo má baà da wọ́n rú. (Ti 3 kò ni wá lára, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń pè é tẹ́lẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a dúró lé lórí ni "Roger". Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju pé "mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ" lọ. Kò túmọ̀ sí pé mo gbà, bẹ́ẹ̀ ni kò túmọ̀ sí pé n ó ṣe é. Ọmọ tí a tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé bí àgbà bá sọ̀rọ̀, "bẹ́ẹ̀ ni, sà" ni èsì. Kí a ní kí àgbà tún ọ̀rọ̀ sọ a máa jọ àfojúdi. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè fi "Roger, sà" bo ohun tí kò yé e mọ́lẹ̀. Nítorí èyí ni òfin fi ní kí ó tún àṣẹ ìgbéra, àṣẹ ìbalẹ̀, nọ́ńbà ojú ọ̀nà, gíga àti ìhà tí yóò kọjú sí sọ pátá.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ Tenerife, ní 27 March 1977. Kùrukùru bo pápákọ̀ Los Rodeos. Boeing 747 ti KLM àti ti Pan Am wà lórí ojú ọ̀nà ìgbéra kan náà. Adarí ka ọ̀nà tí KLM yóò tọ̀ lẹ́yìn ìgbéra fún un. Kì í ṣe àṣẹ ìgbéra, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà "takeoff" wà nínú rẹ̀. Igbákejì awakọ̀ tún un sọ bí ó ti yẹ, ó sì fi kún un pé àwọn wà "at takeoff". Ṣé wọ́n dúró síbi ìgbéra ni, àbí wọ́n ti ń gbéra? Èdè Yorùbá ìbá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ pẹ̀lú "ń" kan ṣoṣo. Adarí ní "OK", ó sì ní kí wọ́n dúró de ìpè òun. Lákòókò kan náà ni Pan Am ń kéde pé àwọn ṣì wà lójú ọ̀nà. Ohùn méjèèjì kọlura. Híhan ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí KLM gbọ́. Ẹni 583 ni ó kú.

A lè fi èyí já wa nírọ́: àtúnsọ kúkú wáyé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n "OK" kì í ṣe ìdáhùn ẹni tí ó ti yẹ àtúnsọ wò. Ohun mìíràn tún wà nínú ọkọ̀ KLM fúnra rẹ̀. Ẹnjiníà béèrè bóyá Pan Am ti kúrò lọ́nà. Ọ̀gá awakọ̀ fi ìdánilójú dáhùn pé ó ti kúrò, kò sì sí ẹni tí ó tún béèrè. Lẹ́yìn náà ni a fi "takeoff" mọ sí ìgbà tí a bá ń fúnni ní àṣẹ ìgbéra tàbí tí a bá ń fagi lé e. "Departure" ni a ń lò níbi yòókù.

Àtúnṣe ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì dára. Kò kan ti ẹnjiníà. Bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tiwa, "Say again" ni a bá fi ṣáájú "Roger", kí olùkọ́ sì máa mọ̀ọ́mọ̀ kùn lẹ́nu nígbà mìíràn, kí ó lè mọ ẹni tí yóò ní kí òun tún un sọ.