Aswad: Láti Ladbroke Grove Bọ́ Sórí Rédíò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ẹgbẹ́ akọrin Aswad jèrè àti ohun tí wọ́n pàdánù lọ́dún 1988, kó kọ́kọ́ gbọ́ "Warrior Charge" kó tó gbọ́ "Don't Turn Around". Ọdún mẹ́jọ ló wà láàárín méjèèjì. Nínú ti àkọ́kọ́, fèrè ló ń lé, gìtá béèsì ló ń gbè, ìlù sì fi àyè sílẹ̀ débi pé èèyàn ń gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń rọlẹ̀ kí òmíràn tó wọlé. Nínú èkejì, àyè ọ̀hún ti tán. Dùùrù oníná ti gba gbogbo ibẹ̀, ìlù mọ́ tónítóní, orin sì dùn létí ẹni tí kò gbọ́ régè rí. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ régè ló pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀ nítorí ẹ̀. Èmi kò ní pè wọ́n bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ pé nǹkan kan ò sọ nù.

Ọdún 1975 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní àdúgbò Ladbroke Grove, ní ìwọ̀-oòrùn London, níbi tí àwọn ará Caribbean pọ̀ sí. Brinsley Forde ń kọrin, ó tún ń ta gìtá. Angus Gaye, tí tilé-toko mọ̀ sí Drummie Zeb, ló ń lùlù. Tony Robinson, tí wọ́n ń pè ní Tony Gad, wà nídìí dùùrù kó tó bọ́ sídìí béèsì. Lọ́dún 1976, iléeṣẹ́ àwo orin Island gbé àwo wọn àkọ́kọ́ jáde. Nígbà tó sì di 1977 tí Burning Spear, akọrin régè ará Jamaica, wá ṣeré ní Rainbow Theatre ní London, Aswad ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ régè dénú ló ń dúró lẹ́yìn Burning Spear. Ìgbà tó di 1980, Forde ló ṣe olú ẹ̀dá ìtàn nínú fíìmù Babylon, fíìmù tó fi ojú àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú London hàn láìbo nǹkan kan mọ́lẹ̀. Inú fíìmù yẹn ni "Warrior Charge" ti ní orúkọ.

Àwo New Chapter, tó jáde lọ́dún 1981, ni mo fẹ́ kí àwa tí à ń gbé Barking àti Dagenham jókòó tì. "African Children" wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń gbé inú ilé kánsù gíga, ilé kọnkéré, ni orin náà ń bá sọ̀rọ̀, ó sì ń bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó bá ti gbé àdúgbò ilé kánsù Gascoigne ní Barking rí, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé gíga ibẹ̀, kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ẹ̀ fún un. Ó mọ àtẹ̀gùn tó gùn kò tán, ògiri tó ń rin, ọmọ tó ń wo ìsàlẹ̀ láti ojú fèrèsé torí pé kò ríbi ṣeré. Orin náà kò pariwo. Béèsì ẹ̀ ń rìn pẹ̀lẹ́, fèrè ń dáhùn, ọ̀rọ̀ sì ń wọni lára. Ìlù inú àwo yìí dára tó bẹ́ẹ̀ tí Dennis Brown, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin Jamaica, fi gba ti "Love Fire" kọ "Promised Land" tirẹ̀. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀rí tó jùyẹn lọ fún àwọn ọmọ London.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Live and Direct dé, èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ níbi àjọ̀dún Notting Hill lọ́dún 1983. Àwo yẹn ṣì ni mo kà sí olórí iṣẹ́ wọn títí dòní, torí ibẹ̀ la ti gbọ́ ẹgbẹ́ náà àti àwọn èèyàn wọn pọ̀, láìsí ẹni tó ń ṣẹ́ orin kù fún rédíò.

Rédíò gan-an ló sì dá ìṣòro sílẹ̀. Lásìkò yẹn, ilé rédíò ńláńlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà fi régè sáfẹ́fẹ́. Aswad lè kó èrò jọ ní Notting Hill títí tí títì yóò fi dí pa, síbẹ̀ kí orin wọn má dé òkè lórí àtẹ orin tó ń tà. Wọ́n ti Island lọ sí CBS, wọ́n padà sí Island, wọ́n tiẹ̀ gbé To the Top jáde lábẹ́ iléeṣẹ́ tiwọn, Simba, lọ́dún 1986. Ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn.

Orin tó wá ṣílẹ̀kùn kì í ṣe ti régè rárá. Albert Hammond àti Diane Warren ló kọ "Don't Turn Around", Tina Turner sì ti kọ ọ́ lọ́dún 1986, wọ́n kàn fi í sẹ́yìn àwo "Typical Male" ni. Aswad tún un kọ, wọ́n sì gbé e dé ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kẹta ọdún 1988. Nínú orin náà, ọkùnrin kan ló ń sọ fún olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó máa lọ, kó má bojú wẹ̀yìn, torí kò fẹ́ kó rí ẹkún òun. Ó ń ṣe akin lẹ́nu, ọkàn rẹ̀ ti fọ́. Ìlù régè bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju bí Tina Turner ṣe kọ ọ́ lọ: gìtá tó ń gé e wẹ́wẹ́ yẹn kò jẹ́ kí ẹkún náà di àṣejù. UB40 ti ṣe nǹkan tó jọ ọ́ lọ́dún 1983 pẹ̀lú "Red Red Wine", ṣùgbọ́n àwọn Jamaica ti sọ orin yẹn di régè kí UB40 tó fọwọ́ kàn án. Aswad fúnra wọn ló fa tiwọn wọ inú régè.

Àwọn tó ní régè tòótọ́ kì í kọrin ìfẹ́ gbàgbé London. Ìlú yìí ló bí lovers rock, ìyẹn régè orin ìfẹ́, "Silly Games" ti Janet Kay sì dé ipò kejì lọ́dún 1979. Ìfẹ́ kọ́ ló ba nǹkan jẹ́. Ibi tí mo ti bá wọn jà ni pé wọ́n gba kí béèsì padà sẹ́yìn, kí ẹ̀rọ sì máa lùlù níwájú onílù tó gbówọ́ bíi Drummie Zeb.

Ẹ jẹ́ ká rántí King Sunny Adé, torí Island kan náà ló gbé òun náà fún aráyé. Juju Music jáde lọ́dún 1982, Synchro System lọ́dún 1983, Aura, tí Stevie Wonder fun fèrè sí, lọ́dún 1984. Orin tí ì bá gba odindi ojú àwo kan nílé, wọ́n gé e kúrú. Nígbà tí ọjà kò tà bí wọ́n ṣe fọkàn sí i, wọ́n tú ká, Sunny sì padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń náwó fún un ní Èkó àti Ìbàdàn. Ó ní ilé tó lè padà sí. London nìkan ni ilé Aswad. Òun ló bí wọn, òun ló ni rédíò tí kò fẹ́ gbọ́ wọn, kò sì sí ọjà mìíràn lẹ́yìn rẹ̀ tó lè bọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́, kó fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyẹn kò sọ gbogbo Distant Thunder, àwo tí "Don't Turn Around" wà nínú rẹ̀, di àwo rere. "Give a Little Love", tó wá látọwọ́ Hammond àti Warren kan náà, dùn, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí "Shine" dé ipò karùn-ún lọ́dún 1994, ayọ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ mìíràn lè kọ ọ́ kó má yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa "African Children".

Ní òde ìnáwó wa ní Dagenham, bí ilẹ̀ bá ti ṣú dáadáa, tí DJ bá gbé orin jùjú Obey kúrò tó fi "Don't Turn Around" sí i, àwọn ìyá tó ti tú gèlè wọn máa ń gbè é láìṣi ọ̀rọ̀ kan. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí á bọ́ sí agbo. Ohun tí ẹgbẹ́ náà sapá fún nìyẹn, wọ́n sì yẹ lẹ́ni à ń yìn. Drummie Zeb kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ọmọ ọdún 62. Ẹ̀yin DJ wa, mo bẹ̀ yín, bí orin yẹn bá ti parí, ẹ má tíì sáré bọ́ sórí Afrobeats. Ẹ fi "African Children" tẹ̀ lé e, torí irú àwọn ọmọ tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn ni wọ́n kọ ọ́ fún.