Ẹni Tí Kò Gbọ́ Òwe Wa: Ọgbọ́n Ìsọ̀rọ̀ ní Pénéssoulou àti Lórí Ìwé

Pénéssoulou wà lára agbègbè mẹ́rin tó para pọ̀ di kọ̀múùnù Bassila, ní ẹkùn Donga lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Alédjo, Manigri àti Bassila fúnra rẹ̀ ni mẹ́ta yòókù. Anii ni èdè onílé ní Pénéssoulou. Bí a bá sọ̀ kalẹ̀ dé Manigri, Nàgó ni a ó bá lẹ́nu wọn, ìyẹn Yorùbá ti apá ibẹ̀. Lokpa àti Tem, tí àwọn mìíràn ń pè ní Kotokoli, kò jìnnà, Faransé ló sì ni ilé-ìwé àti ọ́fíìsì. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo kọ̀múùnù yìí gbọ́ òun, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gba ẹnu ògbufọ̀ kọjá dandan. Ẹnu ògbufọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ilé ẹ̀kọ́ nínú àròkọ yìí. Mo gbà pé akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ mọ ìwé ìmọ̀ kọ, tó tún fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ láwùjọ, yóò rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbẹ̀ ju inú ìlànà àròkọ tí wọ́n ń há sórí nítorí ìdánwò lọ.

Láàárín Yorùbá sí Yorùbá, òwe ló ń gba iwájú. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ pa á lójú àgbà a kọ́kọ́ túúbá: "Tótó, ó ṣe bí òwe o, ẹ̀yin àgbà náà lẹ máa ń sọ pé…" Bó bá pa á tán, wọn a dá a lóhùn pé, "Wà á rí òmíràn pa." Ẹ wo iṣẹ́ tí gbólóhùn méjì yìí ṣe. Ọ̀dọ́ náà ti jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòun, ó ti tọ́ka sí àwọn tó ni ín, wọ́n sì ti fún un láṣẹ láti lò ó. Ọ̀mọ̀wé tó kọ "gẹ́gẹ́ bí lámọrín ti sọ" kò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aristotle pàápàá, nínú apá kejì ìwé rẹ̀ lórí ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀, sọ pé ẹnu ẹni tó ti dàgbà ni irú ọ̀rọ̀ ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ yẹ, àti pé ohun tí ojú onítọ̀hún ti rí ni kó máa pa á lé lórí. Èèyàn á rò pé ó ti jókòó ní ààfin ọba Yorùbá kan rí.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìjọra wọn parí sí. Ẹni tó tọ́ka sí ìwé ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ kí òǹkàwé lè wọlé lọ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Òwe kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Àṣẹ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kánjú á ní ohun tó yá kì í pẹ́ mọ́. Ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rọra ṣe á ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Òwe méjèèjì ló dùn, èwo nínú wọn ló wá fi hàn pé ọdún yìí ló yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga ìlú?

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà màlúù ṣe àpẹẹrẹ. Àgbẹ̀ kan tó ń sọ Nàgó dìde níwájú àwọn Anii àti àwọn Fúlàní, ó ní, "Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o." Àwọn ará ilé rẹ̀ mi orí. Kí ni ògbufọ̀ yóò ṣe? Ó lè túmọ̀ itọ́ àti ìrì bó ṣe gbọ́ wọn, kí àwùjọ máa wò ó bí ẹni tó ń ṣàìsàn ibà. Ó lè wá òwe mìíràn nínú Anii tó sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n òwe ẹlòmíràn lè gbé ọ̀rọ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Ògbufọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á yíjú sí àgbẹ̀ náà, á bi í pé, "Bàbá, kí lẹ ní lọ́kàn gan-an?" Bàbá á wá tú u palẹ̀: àdéhùn tí a ṣe lọ́dún tó kọjá lórí ibi tí màlúù yóò máa gbà, kò sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, a kò sì pe ẹlẹ́rìí sí i, ìdí nìyẹn tí olúkúlùkù fi ń sọ ọ́ bó ṣe wù ú báyìí, nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ tuntun sílẹ̀ kí ẹgbẹ́ méjèèjì sì tẹ̀ka sí i. Ìmọ̀ràn ti dé, ìdí rẹ̀ ti dé, ẹ̀rí tí a lè bi àwọn ẹlòmíràn léèrè náà ti dé. Ojú ewé kan nínú ìwé ìmọ̀ kò nílò ju èyí lọ. Òwe náà kò sì ṣòfò: òun ló jẹ́ kí àwọn ará ilé fetí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ka ìwé wa kì í ṣe ará ilé.

Ilé-ìwé ńkọ́? Nílẹ̀ Faransé, títí di àtúnṣe ọdún 1902, orúkọ ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń pe kíláàsì kan lápá òkè ní lycée, ilé-ìwé girama wọn. Nígbà kan, àwọn ọmọ kíláàsì yẹn a máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi sẹ́nu ọ̀gágun tàbí aṣòfin kan láti fi yí àwọn kan pàtó lérò padà. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi "dissertation" rọ́pò rẹ̀. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní apá tó gbà, apá tó kọ̀, apá tó parí ìjà, ó sì ní ìparí. Òun ló tẹ̀lé ilé-ìwé amúnisìn dé Dahomey, bí wọ́n ṣe ń pe Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, tó sì wà lórí tábìlì ọmọ ilé-ìwé girama (CEG) títí di òní. Mi ò kórìíra rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé a gba ìkòkò, a kò gba ọbẹ̀. Ọmọ mọ iye apá tí àròkọ gbọ́dọ̀ ní, kò mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ọmọ aráyé ti…", gbólóhùn tí kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú, tí kò sì lè yí ẹnikẹ́ni padà.

Hermagoras ará Temnos, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù, ti fi ìbéèrè mẹ́rin lélẹ̀ tó lè gba ọmọ náà là. Ṣé nǹkan náà ṣẹlẹ̀? Bó bá ṣẹlẹ̀, kí la ó pè é? Ṣé ó tọ́ tàbí kò tọ́? Ta ló tilẹ̀ ní àṣẹ láti dá ẹjọ́ rẹ̀? Ẹni tó bá mọ èyí tí àríyànjiyàn dúró lé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣe ìlàjì iṣẹ́.

Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ fi ìbéèrè kẹrin yìí hàn ní gbangba. Láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé ọdún 1990, ìpàdé àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wáyé ní Cotonou, ní hòtẹ́ẹ̀lì PLM-Alédjo, tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú Alédjo ti Bassila. Monseigneur Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Àwọn aṣojú ì bá fi gbogbo ọjọ́ wọn jiyàn lórí ohun tí ìjọba Ààrẹ Kérékou ti ṣe láti ọdún 1972: owó oṣù tí wọn kò san, báńkì tó dẹnu kọlẹ̀. Gbogbo ayé ló ti mọ ìyẹn. Ibi tí ìjà wà ni bóyá ohun tí ìpàdé bá pinnu yóò de ìjọba, àbí ìmọ̀ràn lásán ni yóò jẹ́. Nígbà tí ìpàdé kéde pé òun ló ní àṣẹ, tí Kérékou sì gbà, ìyókù tẹ̀lé e: Nicéphore Soglo di olórí ìjọba fún ìgbà díẹ̀, òfin tuntun sì wà lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ọgbọ́n ìsọ̀rọ̀ ní Bassila kò nílò láti wá àpẹẹrẹ lọ sí Róòmù.

Paulin Hountondji, onímọ̀ ọgbọ́n orí, wà ní ìpàdé yẹn, òun sì ni wọ́n fi ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti kọ ọ́ tipẹ́ pé níbi tí kò bá sí ìwé, ìsapá láti má gbàgbé ń gba gbogbo agbára ọpọlọ, kò sì sí àyè tó tó fún àtakò. Ọlábíyìí Yáì, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti ní Yunifásítì Florida, kò gbà bẹ́ẹ̀. Nínú àròkọ kan tó jáde ní 1989, ó jà fún un pé ewì alohùn Yorùbá ní lámèyítọ́ tirẹ̀, tó ń bá ìkéwì rìn lójú agbo; àwa tó jókòó sídìí ìwé ni kò tètè dá a mọ̀. Èmi fara mọ́ Yáì lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú agbo. Ṣùgbọ́n Hountondji ló jàre lórí òǹkàwé tí kò sí lójú agbo, tí kò lè sọ fún wa pé, "Wà á rí òmíràn pa."

Akẹ́kọ̀ọ́ Pénéssoulou tó bá ń múra iṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Parakou, kó tó lọ dúró níwájú àwọn olùyẹ̀wò, lè dán nǹkan kan wò. Kó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí èdè ilé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà ní ojú ewé kan, kó sì ní kí onítọ̀hún fi Lokpa tàbí Tem sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ibi tí ọ̀rẹ́ náà bá ti yíjú padà láti béèrè pé, "Kí lo ní lọ́kàn gan-an?", ibẹ̀ ni kó fa ìlà sí kó tó tún un kọ.