Níbi Tí Ẹ̀rín Ti Di Ẹ̀rí: Lámèyítọ́ Ìwé Bad Science Tí Ben Goldacre Kọ

Ní orí kìíní ìwé yìí, Ben Goldacre ti ẹsẹ̀ ọmọláńgidi Barbie bọ inú abọ́ omi oníyọ̀. Ó fi ìṣó méjì sínú omi náà, ó so wọ́n mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba iná sí bátìrì ọkọ̀, ó sì tan iná. Kò pẹ́ tí omi náà fi pọ́n, tí ó ki, tí ó kún fún gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Nígbà náà, owó ni àwọn ènìyàn ń san ní àwọn ilé ìtọ́jú ara kan ní Britain kí wọ́n lè ti ẹsẹ̀ bọ irú omi bẹ́ẹ̀. Bí omi bá ti ń pọ́n, wọn á ní májèlé inú ara ló ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ jáde. Barbie kò ní ẹ̀dọ̀, kò ní kíndìnrín, kò sì jẹun rí. Ibo ni májèlé tirẹ̀ ti wá? Irin ìṣó tó ń dógùn-ún ni.

Kò fi mọ síbẹ̀. Ó rán ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà lọ sí irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀, pé kó bu omi náà wá, kí wọ́n tó tan ẹ̀rọ àti lẹ́yìn tí wọ́n bá tàn án. Àyẹ̀wò fi hàn pé mílígíráàmù irin 0.54 ló wà nínú lítà omi kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ti di 23.6. Wọ́n wá urea àti creatinine níbẹ̀, ìyẹn àwọn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń fi ránṣẹ́ sínú ìtọ̀. Wọn kò rí ìkankan.

Dókítà oníṣègùn òyìnbó ni Goldacre. Láti 2003 di 2011 ló fi ń kọ àpilẹ̀kọ tí ó pè ní Bad Science nínú ìwé ìròyìn Guardian ní Britain, tí ó ń tú ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ wò fún gbogbo ayé rí. Ìwé náà jáde ní 2008. Àwọn tó ń fi ìròyìn sáyẹ́ǹsì pa àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín kò wọ́n, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó ya tirẹ̀ sọ́tọ̀ ni pé níbi tí ìwé náà ti dùn jù, àwàdà gan-an ni àyẹ̀wò. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín Barbie ti mọ ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ ní ohun tí a ó fi wé ohun mìíràn kí a tó gbà pé oògùn kan ṣiṣẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é jókòó láti kọ́ ọ. Níbi tí àwàdà náà bá ti di èébú, agbára ìwé náà a máa dín kù.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ológbò rẹ̀. Gillian McKeith, gbajúmọ̀ agbaninímọ̀ràn lórí oúnjẹ lórí tẹlifíṣọ̀n Britain, ka ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, American Association of Nutritional Consultants, mọ́ àwọn oyè rẹ̀. Goldacre san dọ́là 60, ó sì gba irú ìwé ẹ̀rí kan náà fún Henrietta, ológbò rẹ̀ tó ti kú. Kò tún sí àlàyé tí ẹnikẹ́ni nílò lẹ́yìn ìyẹn. Bákan náà ni èsì tó fọ̀ nígbà tí McKeith ní ewé tó dúdú dáadáa á fi ọ́síjìn kún ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá jẹ ẹ́: ìmọ́lẹ̀ ni ewé fi ń ṣe ọ́síjìn, inú ìfun sì ṣókùnkùn. Ọmọ ilé ìwé girama tó ti ka bàọ́lọ́jì lè gbé èyí yẹ̀ wò fúnra rẹ̀.

Àmọ́ orí náà kò dúró síbẹ̀. Ó ń tẹ obìnrin náà mọ́lẹ̀ ṣáá, débi pé àánú ẹni tó yẹ kí a máa bi léèrè ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òǹkàwé. Ohun tó ṣe fún àwọn oníròyìn tí wọ́n ka lítíréṣọ̀ tàbí ìtàn ní yunifásítì náà nìyẹn. Léraléra ló ń fi wọ́n ṣẹ̀sín, bí ẹni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ló bò wọ́n lójú tí wọn kò fi rí ẹ̀rí. N kò fara mọ́ èyí rárá. Àwọn tí ìwé yìí lè ṣe láǹfààní jù ló ń lé sẹ́yìn.

Orí tí mo máa ń padà sí ni èyí tó dá lórí oògùn tí kò ní oògùn nínú. Hóró ṣúgà mẹ́rin lóòjọ́ máa ń wo ọgbẹ́ inú san ju méjì lọ. Abẹ́rẹ́ omi iyọ̀ máa ń dín ìrora kù ju hóró ṣúgà lọ. Bẹ́ẹ̀ kò sí oògùn nínú èyíkéyìí nínú wọn. Àwọ̀ hóró náà àti bí ọ̀rọ̀ ṣe dá dókítà lójú tó, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lára aláìsàn. Goldacre tí kì í gbà fún ẹni tó ń ta omi lásán ní oògùn wá fara balẹ̀ níbí, ó gbà pé ara tó yá aláìsàn yá lóòótọ́. Àlàyé tí wọ́n ṣe fún un ni irọ́.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò fún wa gan-an, àwa tí ìyá alágbo wà ní gbogbo ìdíkọ̀ wa. Ẹni tó mu àgbo tí ara rẹ̀ sì yá kò purọ́. Ìbéèrè tó kù ni bóyá àgbo ló ṣe é, tàbí àìsàn náà ì bá lọ fúnra rẹ̀, tàbí ìgbàgbọ́ ló ràn án lọ́wọ́. Ìwé náà fi ọ̀nà tí a lè fi mọ̀ hàn wá: kí wọ́n pín àwọn aláìsàn sí méjì láìṣojúsàájú, kí apá kan gba ojúlówó, kí apá kejì gba èyí tó jọ ọ́, kí ẹni tó ń fúnni àti ẹni tó ń gbà má mọ èwo ni èwo. Ìdí nìyẹn tí inú fi bí Goldacre sí àwọn aláṣẹ Durham ní Britain ní 2006, tí wọ́n fẹ́ fi òróró ẹja bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé nítorí ìdánwò, tí wọn kò sì ya ọmọ kankan sọ́tọ̀ tí wọn ó fi wé wọn.

Ibi tí èmi àti òǹkọ̀wé ti yapa ni orí tó kọ lórí àjẹsára MMR, èyí tó ń dènà èèyi, ṣẹ́gẹdẹ̀ àti rubella. Ní 1998, Andrew Wakefield àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí lórí ọmọ 12 jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Lancet, ibẹ̀ sì ni ariwo ti bẹ̀rẹ̀ pé àjẹsára náà ń fa autism. Goldacre kò gbà kí a di gbogbo ẹ̀bi ru Wakefield. Àwọn ilé ìròyìn ló di èyí tó pọ̀ jù rù. Ẹ̀rí rẹ̀ lágbára. Ní 2002, ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìròyìn lórí MMR ló mẹ́nu kan bóyá Leo, ọmọ Tony Blair tó jẹ́ olórí ìjọba, ti gba abẹ́rẹ́ náà; ìdá 25 péré ló dárúkọ Wakefield. Ṣùgbọ́n ní 2010, Lancet fa ìwádìí náà yọ, wọ́n sì yọ orúkọ Wakefield kúrò lára àwọn dókítà ní Britain. Ní 2011, Brian Deer fi hàn nínú British Medical Journal pé wọ́n ti yí àkọsílẹ̀ nípa àwọn ọmọ náà padà. Oníròyìn ni Deer, ó sì ti ń tú ọ̀rọ̀ náà fó láti 2004. Ìwé tó pariwo tó báyìí lórí ìwà àwọn oníròyìn kò fún irú rẹ̀ ní àyè tó yẹ ẹ́.

Nínú orí MMR yìí kan náà ni Goldacre ti mẹ́nu kan ìbẹ̀rù àjẹsára àrùn rọmọlápá rọmọlẹ́sẹ̀ ní Kano, tí kò sì dúró pẹ́ níbẹ̀. Òǹkàwé Nàìjíríà kò lè tètè kọjá. Ní 1996, lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn yírùnyírùn, Pfizer, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, dán oògùn Trovan wò ní Kano nínú ìwádìí tó kó ọmọ 200 jọ. Mọ́kànlá nínú wọn kú. Ilé iṣẹ́ náà ní àrùn ló pa wọ́n, àmọ́ ní 2009 wọ́n bá ìjọba ìpínlẹ̀ Kano parí ẹjọ́ náà lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là. Àwọn tó kọ àjẹsára ní 2003 rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, èèyàn kò sì lè fi ẹ̀rín yọ ọ́ lọ́kàn wọn.

Orí tó ga jù lọ kò sí nínú ẹ̀dà 2008. Matthias Rath, ará Jámánì tó ń ta fítámì, ti gbé Goldacre àti Guardian lọ sílé ẹjọ́ nítorí ohun tí wọ́n kọ nípa bó ṣe ń polówó fítámì ní Gúúsù Áfíríkà fún àwọn tó ní kòkòrò HIV, tó ń sọ pé oògùn HIV gan-an ni májèlé. Ìjọba Thabo Mbeki, ààrẹ Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, fúnra rẹ̀ ń fà sẹ́yìn lórí oògùn náà. Mínísítà ìlera rẹ̀, Manto Tshabalala-Msimang, ń yin aáyù àti beetroot. Àwọn olùwádìí ní Harvard ṣírò rẹ̀ ní 2008 pé ìfàsẹ́yìn yẹn gba ẹ̀mí tó ju 330,000 lọ láàárín 2000 sí 2005. Nínú orí yìí, àwàdà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Goldacre ń to ìpolówó, orúkọ àti ọjọ́ lé ara wọn, ó sì kọ nípa Zackie Achmat, ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọ Gúúsù Áfíríkà tí òun náà ní kòkòrò yìí, tó kọ̀ láti lo oògùn títí tí mẹ̀kúnnù náà á fi rí i gbà. Rath fa ẹjọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ní oṣù kẹsàn-án 2008, orí náà sì wọ inú ẹ̀dà 2009. Goldacre tún gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lè pín in kiri. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìwé náà, kí ó yẹ ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wò kó tó sanwó.