Ògiri Irin Abẹ́ Ilẹ̀ Sunnyvale

Kẹ́míkà kan wà tó ń jẹ́ Freon 113: kì í gbaná, kì í sì í ba ẹ̀rọ jẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ amúlétutù ńláńlá àti àwọn tó ń fọ ẹ̀yà kọ̀ǹpútà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jò wọnú omi abẹ́ ilẹ̀, ìwà tútù yẹn gan-an ló ń di wàhálà, torí kì í tètè tú.

Ní Sunnyvale ní California, níbi tí wọ́n ti ń ṣe semiconductor tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fa irú omi bẹ́ẹ̀ jáde láti fọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tó fi máa di ọdún 1995, wọ́n ti gbẹ́ kòtò tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, tó gùn tó 36, wọ́n sì ti da nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 220 irin wẹ́wẹ́ sí i. Wọ́n mọ ògiri amọ̀ sọ́tùn-ún sósì, kí omi má baà rí ẹ̀bùrú gbà. Wọ́n tún to òkúta wẹ́wẹ́ síwájú irin náà àti sẹ́yìn rẹ̀, kí omi lè tàn káàkiri, kó má kàn gba ojú kan ṣoṣo. Mo fẹ́ràn òkúta wẹ́wẹ́ yẹn: ẹni tó mọṣẹ́ ló ń rántí irú rẹ̀. Kò sí pọ́ǹpù, kò sí iná. Omi ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.

Bí irin ṣe ń dógùn-ún nínú omi ló ń tú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀. Freon á gbà á, kilorínì ara rẹ̀ á já, á di irú èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀. Fúlórínì rẹ̀ kì í tètè já. Kò yẹ ká fi ìyẹn pamọ́.

Yunifásítì Waterloo ní Kánádà ni ọgbọ́n yìí ti jáde. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun èlò tí wọ́n fi ń bu omi ń fa kẹ́míkà mu ni, ni kẹ́míkà bá ń dín kù ṣáá nínú àwọn onírin. Robert Gillham, olùṣèwádìí níbẹ̀, ò fojú àṣìṣe wò ó. Lọ́dún 1991, òun àti Stephanie O'Hannesin ri irin tí wọ́n pò mọ́ yanrìn mọ́lẹ̀ ní Borden ní Kánádà láti dán an wò.

Ibi tí mo ti ń kan sáárá sí àwọn ti Sunnyvale jù ni bí irin wọn ṣe nípọn tó: ẹsẹ̀ bàtà 4. Freon nìkan kọ́ ló wà nínú omi náà. TCE wà níbẹ̀, vinyl chloride náà wà níbẹ̀, kẹ́míkà oníkilorínì ni àwọn méjèèjì. Wọ́n ka wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń lò nínú irin kó tó tú, wọ́n wo bí omi ṣe ń yára tó lábẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì fi èyí tó lọ́ra jù díwọ̀n. Freon kì í rìn jìnnà kó tó tú. Nítorí vinyl chloride ni ìyókù irin náà ṣe wà níbẹ̀.