Ọ̀rọ̀ Kan Tí A Ń Fò Nínú Àtẹ Ìwà Ọ̀daràn

Yunifásítì Èkó ni mo fẹ́ fi sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Bàbá mi ní kò ṣeé ṣe, pé ìlú olè ni Èkó. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́: àtẹ ìṣirò ọdún 2017 tí NBS, àjọ tó ń rí sí ìṣirò lórílẹ̀-èdè wa, gbé jáde. Ẹjọ́ 134,663 ló wà nínú rẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Èkó nìkan kó 50,975. Katsina ló kéré jù, 120 péré.

Mo yẹ àtẹ náà wò dáadáa. Ta ló lè gbà pé odidi ọdún kan kọjá ní Katsina, kí ìwà ọ̀daràn má ju 120 lọ? Zamfara ńkọ́, níbi tí àwọn agbébọn ti ń kó màlúù tí wọ́n sì ń pa ará abúlé kí 2017 tó dé? Ẹjọ́ 254 ni wọ́n kọ fún un. Àkọlé àtẹ náà kò parọ́ o: ẹ̀sùn tí wọ́n fi tó ọlọ́pàá létí ni wọ́n kà. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an la máa ń fò. Abúlé tí àgọ́ ọlọ́pàá jìnnà sí, bí wọ́n bá jà á lólè lálaalẹ́, inú àtẹ yìí ni yóò ti dà bí ibi àlàáfíà.

Ní àdúgbò wa ní Ìlọrin níbí, nígbà tí olè gbé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa, ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ ni ẹjọ́ náà parí sí. Àgádágodo tuntun ni wọ́n rà. NBS pàápàá mọ̀ pé bó ṣe ń rí nìyẹn. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kejìlá 2024, àwọn ará ilé fúnra wọn ni wọ́n bi léèrè. Nínú ilé 100 tí olè wọ̀, nǹkan bí 36 ló fi tó ọlọ́pàá létí. Ẹkùn tí ìwà ọ̀daràn sì ti pọ̀ jù ni Àríwá Ìwọ̀-oòrùn, tí Katsina àti Zamfara wà.

Mi ò sọ pé kí òbí má bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù wa máa ń ṣa ìlú. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin 2018, àwọn adigunjalè tó ya wọ àwọn báǹkì ní Ọ̀fà, ní Kwara wa níbí, pa èèyàn tó lé ní 30. Àwọn òbí Ìlọrin ṣì ń rán ọmọ wọn lọ sí Pólì Ọ̀fà, mi ò sì tíì gbọ́ kí ẹnì kan pè é ní ìlú olè.