Àwọ̀ Tí Òṣùwọ̀n Kì Í Wọ̀n

Lóṣù kẹwàá ọdún, bí òtútù bá ti ń wọlé dé ní Amẹ́ríkà, Kánádà àti Yúróòpù, ni àwọn àgbẹ̀ máa ń kó elégédé ńláńlá wá síbi ìdíje. Àwọn elégédé yìí kọjá ohun tí èèyàn mẹ́wàá lè fọwọ́ gbé. Wọ́n á fi okùn tó nípọn dè wọ́n yí ká, ẹ̀rọ á sì gbé wọn díẹ̀díẹ̀ kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ títí wọ́n á fi gúnlẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀pọ̀ wọn ò rí roboto mọ́: ìwúwo ara wọn ti tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, ìdí wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ìhà kan yọ gọngọ, ìhà kejì rì wọnú. Àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń yà wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹni tó dúró lókèèrè. Ọ̀kan funfun bí ẹni pé kò tíì gbó, ọ̀kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan ní àwọ̀ ìyeyè tí pínǹkì díẹ̀ dà pọ̀ mọ́. Láàárín wọn, ẹ óò rí èyí tí àwọ̀ ọsàn gbilẹ̀ lára rẹ̀ láti orí dé ìdí. Òun ni ojú gbogbo èèyàn máa ń lọ sí.

Bẹ́ẹ̀, òṣùwọ̀n ò mọ àwọ̀. Pípọ́n elégédé ò lè fi ìdajì kílò kún ìwúwo rẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ bá sì wúwo jù ló ń gba ipò kìíní. Síbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ wà tí wọn kì í fẹ́ kí àwọ̀ yìí sọnù nínú oko wọn. Lọ́dún 2023, nílùú Half Moon Bay ní Kalifóníà, Travis Gienger láti ìpínlẹ̀ Minnesota gbé elégédé kan wá tó wúwo tó pọ́ùn 2,749, ìyẹn nǹkan bíi kílò 1,247. Kò tíì sí èyí tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí lágbàáyé lọ́jọ́ náà, ó sì tún ní àwọ̀ ọsàn. Kí ìwúwo àti ẹwà tó lè pàdé lára ẹyọ elégédé kan báyìí, iṣẹ́ ìran mélòó kan ti wà nídìí rẹ̀.

Kárọ́tínì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ló ń fún elégédé ní àwọ̀ ọsàn. Èròjà yìí kan náà ló wà nínú kárọ́ọ̀tì àti nínú epo pupa tiwa, òun náà sì ni ara èèyàn ń sọ di fítámì A. Elégédé tó bá ṣe é púpọ̀ sínú èèpo rẹ̀ á pọ́n. Èyí tó bá ṣe díẹ̀ á funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Èyí tí àwọ̀ ewé ò bá kúrò lára rẹ̀ á wà bẹ́ẹ̀ títí wọ́n á fi gé e, òmíràn á sì dà bí eérú. Oòrùn àti ilẹ̀ lè fi díẹ̀ kún un tàbí kí wọ́n yọ díẹ̀ kúrò, àwọn àgbẹ̀ tiẹ̀ máa ń fi aṣọ bo elégédé kí oòrùn má bàa mú èèpo rẹ̀ le kó sì sán. Ṣùgbọ́n lábẹ́ irú aṣọ kan náà, nínú oko kan náà, méjì lè jókòó kí ọ̀kan pọ́n kí èkejì má pọ́n. Ìdílé tí kálukú ti wá ló fà á.

Ìdílé náà gbòòrò. Ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni irú elégédé yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cucurbita maxima, ti ṣẹ̀ wá, kó tó di pé àwọn òyìnbó gbé e kọjá òkun. Lọ́dún 1904, William Warnock ará Kánádà gbé èyí tó wúwo tó pọ́ùn 403 lọ síbi ìpàtẹ àgbáyé ní St. Louis, ó sì ju àádọ́rin ọdún lọ kí ẹnikẹ́ni tó borí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Howard Dill dìde, àgbẹ̀ ìlú Windsor ní Nova Scotia. Ó mú nínú irú elégédé ńlá tí bàbá rẹ̀ ń gbìn, ó ń so ọ̀kan pọ̀ mọ́ òmíràn, ó ń ṣa èyí tó dára, ó ń fi èyí tí kò dára sílẹ̀. Láti ọdún 1979 dé 1982, òun ló ń gba ipò kìíní lágbàáyé lọ́dọọdún. Irú tó dá sílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Dill’s Atlantic Giant, inú rẹ̀ sì ni elégédé tó ń gorí òṣùwọ̀n lóde òní ti jáde.

Òwúrọ̀ kùtù ni wọ́n ń so elégédé pọ̀. Lára ìtàkùn kan náà ni òdòdó akọ àti abo máa ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Akọ dúró lórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, abo sì ní elégédé kékeré kan nídìí rẹ̀, roboto, tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ. Bí àgbẹ̀ bá rí i nírọ̀lẹ́ pé abo kan máa là lọ́jọ́ kejì, á so ẹnu rẹ̀ kí oyin má bàa kó lẹ́búlẹ́bú òdòdó ibòmíràn wọ̀ ọ́. Kí oòrùn tó mú, á já òdòdó akọ tó yàn, á bó aṣọ òdòdó náà kúrò kó lè ku ọ̀pá inú rẹ̀ tí lẹ́búlẹ́bú bò, á wá rọra fi í ra inú abo yí po. Á tún un so padà, á sì kọ orúkọ ìyá àti ti bàbá sára nǹkan kan tó máa so mọ́ ọn. Nígbà yẹn gan-an, olójú á ti rí ohun kan: bí ọmọ elégédé náà bá ti ní àwọ̀ ìyeyè, ìrètí wà pé á pọ́n, bó bá ní àwọ̀ ewé, ó ṣeé ṣe kó dàgbà sínú àwọ̀ náà.

Ibí yìí ni ẹni tí kò mọ̀ máa ń ṣìnà. Ó lè rò pé bí òun bá mú lẹ́búlẹ́bú látara ìtàkùn tó ń so èyí tó pọ́n, elégédé òun náà á pọ́n lọ́dún yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èèpo elégédé jẹ́ ara ìyá, ọ̀dọ̀ ìtàkùn tó so ó nìkan ni àwọ̀ rẹ̀ ti wá. Bàbá ò ní ipa kankan níbẹ̀. Inú irúgbìn ni ti bàbá wà, níbi tí ojú ò tó, títí di ọdún tó ń bọ̀ tí irúgbìn náà á di ìtàkùn tí òun náà á sì so. Àwọ̀ tí à ń wò lórí òṣùwọ̀n lónìí, ìgbéyàwó ọdún tó kọjá tàbí ti ṣáájú rẹ̀ ló bí i.

Ìdí nìyí tí orúkọ irúgbìn fi ṣe pàtàkì lọ́wọ́ wọn tó oríkì. Wọ́n á pe ìwúwo elégédé náà, orúkọ ẹni tó gbìn ín àti ọdún rẹ̀. Nígbà tí Ron Wallace gbé èyí tó wúwo tó pọ́ùn 2,009 wá sí Topsfield ní Massachusetts lọ́dún 2012, tí ìyẹn sì di àkọ́kọ́ tó kọjá pọ́ùn 2,000, irúgbìn inú rẹ̀ di 2009 Wallace 2012. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ yìí á bi ọ́ léèrè ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀, àti irú àwọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń mú jáde.

Irúgbìn kọ̀ọ̀kan gba krómósómù 20 lọ́dọ̀ ìyá, ó gba 20 lọ́dọ̀ bàbá, orí wọn sì ni jíìnì, èròjà àjogúnbá tó ń pinnu àwọ̀, wà. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíìnì kan wà nínú ẹ̀yà elégédé yìí tí wọ́n ń pè ní Rd, tó ń mú kí èèpo pupa. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo ti tó láti borí àwọ̀ ewé, funfun, ìyeyè àti eérú. Irú jíìnì tó ń borí báyìí a máa bo àṣírí. Ìtàkùn kan lè so èyí tó pọ́n, kí àwọ̀ mìíràn sì fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí irú méjì bẹ́ẹ̀ bá pàdé, nǹkan bí ẹyọ kan nínú ọmọ mẹ́rin lè gbé àwọ̀ tí kò hàn lára òbí jáde. Pípọ́n gan-an tún ní ìpele: ọ̀pọ̀ jíìnì ló ń fọwọ́ sí bí kárọ́tínì ṣe máa pọ̀ tó, ìdí nìyẹn tí àwọ̀ fi ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti funfun títí dé àwọ̀ ọsàn tó jinlẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọ̀ dúró á máa so akọ ìtàkùn kan pọ̀ mọ́ abo ìtàkùn náà gan-an, ìran dé ìran, títí ohun tó fara pamọ́ á fi yọjú tí á sì ṣeé yọ kúrò. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n lè ṣe é, ìtàkùn kan sì máa ń gba ilẹ̀ tó tó kọ́ ilé sí, ẹyọ elégédé kan ni wọ́n sì ń fi sílẹ̀ lórí rẹ̀. Nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún irúgbìn tó wà nínú elégédé kan, ìwọ̀nba díẹ̀ ni àgbẹ̀ rí ilẹ̀ gbìn. Bó bá tẹjú mọ́ àwọ̀ nìkan, ìwúwo lè bọ́. Bó bá lé ìwúwo nìkan, elégédé rẹ̀ lè funfun bíi ti ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba ipò.

Àwọn tó ń bójú tó ìdíje náà mọ iyì àwọ̀. Ẹgbẹ́ Great Pumpkin Commonwealth ya èyí tó ní àwọ̀ ewé tàbí eérú sọ́tọ̀ sí ìsọ̀rí mìíràn, wọ́n sì dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀ fún elégédé tó rẹwà jù, tí wọ́n fi orúkọ Howard Dill pè. Ṣùgbọ́n iyì tó tóbi jù, ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ ló wà. Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Wọ́n ń fi ọdún gbáko tọ́ ìtàkùn kan kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwọ̀ tí wọ́n wá wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é fún ohun tí kò lè fi ẹyọ kílò kan kún tiwọn. Ẹni tó ń gbin nǹkan fún ìwúwo nìkan ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ díje ni. Ẹni tó fi àwọ̀ kún un ti ń ro ti àwọn tó máa gbin irúgbìn rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.